Bí Nọ́ńbà Kẹjọ Ṣe Di Nọ́ńbà Kẹta

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé aṣòfin ìjọba ìbílẹ̀ kan ní ìhà Ìdímù, olórí iṣẹ́ mi sì ni kí n máa tẹ ìwé kan. Ọ́dà pépà là ń pe ìwé náà. Òun ló ń sọ ohun tí àwọn kánsẹ́lọ̀ máa kọ́kọ́ ṣe ní ọjọ́ ìjókòó, èyí tó máa tẹ̀ lé e, àti èyí tí wọ́n máa fi kádìí ẹ̀. Nọ́ńbà kìíní ni àdúrà. Nọ́ńbà kejì ni kíka àkọsílẹ̀ ìjókòó tó kọjá. Láti nọ́ńbà kẹta lọ sísàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìlú ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn èèyàn rò pé ibi tí wọ́n ti ń ja ìjà àga ni ilé aṣòfin. Lọ́dọ̀ tiwa, ìjà kò sí. Ohun tó wà ni pé ọ̀rọ̀ kan wà lókè, òmíràn wà nísàlẹ̀, aago sì wà lára ògiri. Aago mẹ́wàá ló yẹ kí ilé bẹ̀rẹ̀, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ títí di aago méjìlá. Tó bá ti ń lọ sí aago méjì, ebi á ti máa pa wọ́n, ẹnì kan á sì dìde, á dá àbá pé kí ilé túká. Nínú gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀, n kò rí ẹni tó tako àbá yẹn rí. Nítorí náà, ohun tó bá wà ní nọ́ńbà kẹta, wọ́n máa ṣe é. Ohun tó bá wà ní nọ́ńbà kẹjọ, ó wà lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ń ṣètò ìwé náà, Ọjọ́rú ni wọ́n máa ń lò ó. Ẹni mẹ́ta ló ń jókòó ṣètò rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni Olórí ilé, tó ń darí ìjókòó. Èkejì ni kánsẹ́lọ̀ kan tí gbogbo wa ń pè ní Líídà, torí òun ni olórí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ilé. Ẹ̀kẹta ni akọ̀wé àgbà, ọ̀gá mi, bàbá ará Ìbàdàn kan tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò ju ọdún kan lọ mọ́. Ọ̀gá á kọ ọ́ sórí bébà, á gbé e fún mi, èmi á sì tẹ̀ ẹ́. Kánsẹ́lọ̀ méje la ní, ẹ̀dà mẹ́wàá ni mo máa ń ṣe: méje tiwọn, ọ̀kan fún fáìlì, ọ̀kan fún ara ògiri, ọ̀kan fún ẹni tó bá sọ tirẹ̀ nù. Kò sí Ọjọ́rú tí ẹnì kan kì í sọ tirẹ̀ nù.

Ní oṣù kejì ọdún kẹrin tí mo dé ibẹ̀, màmá kan wọlé sí ọ́fíìsì wa. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúró ṣánṣán, ó sì wọ bàtà dúdú tí wọ́n ń so ní okùn, irú èyí tí n kò rí lẹ́sẹ̀ obìnrin mọ́ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́.

Mo ní, “Ẹ káàárọ̀, mà.”

“Káàárọ̀, ọmọ mi. Ta ló ń gba ìwé níbí?”

“Èmi ni, mà.”

“Ṣé wàá fọwọ́ sí i pé o gbà á?”

Ẹnikẹ́ni kò bèèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi rí. Mo fọwọ́ sí i. Ó yẹ ọwọ́ tí mo fi sí i wò, ó ní kí n kọ déètì sí i. Mo kọ ọ́.

Hẹ́ẹ̀dì ni màmá náà kó tó fẹ̀yìn tì, ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà sí wa. Níwájú iléèwé yẹn ni gọ́tà ńlá kan wà, ọmọdé kò lè fò ó, àgbàlagbà tó bá fò ó á sì kábàámọ̀. Pákó méjì ni wọ́n tẹ́ sórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan ti jẹrà. Lórí èyí tó kù ni àwọn ọmọ ti ń tò kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹni ẹ̀yìn á di okùn báàgì ẹni iwájú mú. Nígbà òjò tó kọjá, ọmọbìnrin kan yọ̀ ṣubú síbẹ̀. Wọ́n fà á jáde. Sáńdáàlì rẹ̀ kan ni wọn kò rí. Ohun tí ìwé ẹ̀bẹ̀ náà ń bèèrè ni pé kí ìjọba ìbílẹ̀ fi kànkéré ṣe afárá síbẹ̀ kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀. Ìlà mọ́kànlá ni gbogbo rẹ̀. Mo ti ka ìwé ẹ̀bẹ̀ olójú ewé mẹ́sàn-án tí n kò mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Èyí, mo ti mọ̀ kí n tó dé ìlà kẹrin.

Ó ní, “Ọjọ́ wo ló máa dé etí wọn?”

Mo ní, “Ọjọ́rú tó ń bọ̀, mà. Nọ́ńbà kẹjọ, ibẹ̀ la máa ń fi ìwé ẹ̀bẹ̀ sí.”

Ó dúpẹ́. Ó gbà mí gbọ́. Èmi náà gba ara mi gbọ́ díẹ̀.

Ọjọ́rú náà pé, màmá dé ní aago mẹ́wàá kù ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì àlejò títí di aago méjìlá, tòun ti ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀, ìwé ọmọléèwé olójú ewé ogójì. Nígbà tí wọ́n gbàdúrà tán, tí wọ́n sì ka àkọsílẹ̀ tán, Líídà dìde.

“Olórí ilé, mo dá àbá pé kí á mú nọ́ńbà keje wá sí nọ́ńbà kẹta.”

Ẹnì kan kín in lẹ́yìn. Olórí ilé ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn wí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n wí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó lu òòlù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nọ́ńbà keje ni kíkí alága ìjọba ìbílẹ̀ kú oríire ọjọ́ ìbí. Kánsẹ́lọ̀ márùn-ún ló sọ̀rọ̀ lé e lórí, àdúrà kan náà ni gbogbo wọ́n sì gbà fún un, pé ẹ̀mí rẹ̀ á gùn. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi gbà á. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan dá àbá pé kí ilé túká.

Màmá wá bá mi nídìí kọ̀mpútà.

“Ọmọ mi, nọ́ńbà keje ló di nọ́ńbà kẹta yẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Kí ni tèmi wá dà?”

“Nọ́ńbà kẹjọ náà ni, mà.”

“Ẹni tó wà níwájú mi ti kúrò, èmi ò sì sún síwájú?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Mo ṣàlàyé fún un pé ọ̀rọ̀ tí wọn kò bá kàn, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ń sún un sí. Òtítọ́ ni mo sọ. Ohun tí n kò sọ ni pé tó bá di ọjọ́ Ajé, àwọn ọ̀rọ̀ tuntun á tún dé, Líídà á sì fi ìka tẹ bébà, á ní, “Ẹ jẹ́ kí tàwọn ará gọ́tà yẹn wà níbi tó wà.” Ọ̀gá á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi á tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní Ọjọ́rú kejì, ìdárò ni wọ́n mú wá sókè. Ní ẹ̀kẹta, àlejò dé láti ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn, wọ́n wá wo bí a ṣe ń ṣe tiwa. A fi hàn wọ́n. Ní ẹ̀kẹrin, kánsẹ́lọ̀ mẹ́ta péré ló wá, iye yẹn kò sì tó láti jókòó. Màmá wá ní gbogbo rẹ̀. Tí mo bá dé ní aago mẹ́sàn-án, tí mo bá ń gbálẹ̀ gbọ̀ngàn, mo máa ń gbá abẹ́ bẹ́ńṣì yẹn mọ́ ju ibi tó kù lọ. Ìyẹn nìkan ni agbára mi ká.

Ní Ọjọ́rú karùn-ún ló yọ kàlẹ́ńdà kan nínú báàgì rẹ̀. Líídà ló tẹ kàlẹ́ńdà náà, ó pín in káàkiri wọ́ọ̀dù rẹ̀ nígbà ọdún tuntun. Iléèwé yẹn sì wà nínú wọ́ọ̀dù rẹ̀.

Màmá ní, “Ṣí oṣù kẹsàn-án.”

Mo ṣí i. Àwòrán afárá kékeré kan ló wà níbẹ̀, ó dùn ún wò, wọ́n kun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní funfun. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Afárá àwọn ọmọ iléèwé wa, a ti ṣe é.

Mo ní, “Mà, ibo lèyí?”

“Ìgàndó ni. Mo wọ kẹ̀kẹ́ márúwá lọ wò ó. Afárá náà dára.”

Ó ká kàlẹ́ńdà náà pa dà, ó fi sínú báàgì, ó lọ jókòó síbi tó máa ń jókòó. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Bí ilé bá jíròrò lórí gọ́tà yẹn, a jẹ́ pé afárá inú kàlẹ́ńdà kò sí níbẹ̀. Líídà kò kórìíra àwọn ọmọ. Ó kàn fẹ́ kí oṣù kẹsàn-án wà bó ṣe wà ni.

N kò sùn dáadáa nígbà náà. Kì í ṣe pé èmi ni mo ṣe gọ́tà, àmọ́ ìka mi ni mo fi ń tẹ kẹjọ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tẹ ọ́dà pépà bí Ọ̀gá ṣe kọ ọ́, mo wò ó títí. Mo gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ màmá kúrò ní nọ́ńbà kẹjọ, mo fi sí nọ́ńbà kẹta, mo sì sún àwọn yòókù sísàlẹ̀. Mo rò ó pé Líídà á rò pé Olórí ilé ló yí i pa dà, Olórí ilé á rò pé Líídà ni. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ọ̀gá máa ń ka gbogbo ẹ̀dà kí ó tó lọ. Ó kà á, ó fi ìka lé nọ́ńbà kẹta.

“Ta ló ní kí o gbé èyí síbí?”

“Èmi ni, sà.”

Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀. “Tí ìwọ bá lè gbé e sókè láì bi ẹnikẹ́ni, ẹlòmíràn náà lè gbé e jù sísàlẹ̀ láì bi ẹnikẹ́ni. Ìwé yẹn kì í ṣe tìrẹ, kì í ṣe tèmi. Tún un tẹ̀.”

“Sà, òjò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.”

“Mo mọ̀. Èmi náà ń gbé ní Ìkọ̀tún, ojú ọ̀run kan náà ló wà lórí wa. Tún un tẹ̀, jàre.”

Mo tún un tẹ̀. Ojú tì mí, inú sì bí mi, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Mo retí pé ó máa fún mi ní ìwé kúẹ́rì, kò fún mi. Kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi ṣíwọ́.

Òfin kò gba akọ̀wé láàyè láti máa gba ẹni tó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ nímọ̀ràn. Ọ̀gá mi kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ó mú ìwé ìlànà ìjókòó jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi bébà pélébé kan sí ojú ewé kan, ó gbé e sórí bẹ́ńṣì àlejò lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá, ó ní ebi ń pa òun, ó sì jáde lọ jẹun. Aago mẹ́wàá kò tíì lù. N kò rí i rí kó jẹun kí aago kan tó lù.

Màmá ka ojú ewé yẹn. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì kà á títí dé òpin, bó ti ń kà ló ń kọ ọ́. Ìjókòó bẹ̀rẹ̀, ó parí, kò gbé ojú sókè. Nígbà tí ilé túká, ó pè mí.

“Wọ́n ní ọmọ ilé èyíkéyìí ló lè dá àbá pé kí á yí ètò ọjọ́ náà pa dà. Wọn ò ní Líídà nìkan.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Mo nílò ẹnì kan tó máa dá a, àti ẹnì kan tó máa kín in lẹ́yìn. Ìyá tó wà láàárín wọn yẹn ńkọ́?”

Kánsẹ́lọ̀ obìnrin kan ṣoṣo la ní. Mo sọ fún un pé ìyá náà lè kín in lẹ́yìn, àmọ́ kò ní jẹ́ kí wọ́n fi òun síwájú, torí òun àti Líídà jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà.

“Èyí tó máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé, tí kì í sọ̀rọ̀ ńkọ́?”

Kánsẹ́lọ̀ yẹn ti lo ọdún méjì nínú ilé. Ohun tó máa ń sọ kò ju “Mo wà” lọ, nígbà tí wọ́n bá ń pe orúkọ. Búlọ́ọ̀kù ló ń ṣe ní ìhà Ìṣẹ̀rí-Olófin. Búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kì í fọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dìbò fún un.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo mú màmá lọ síbẹ̀. Kò yẹ kí n lọ. Mo ti múra sílẹ̀ pé tí ẹnikẹ́ni bá bi mí, màá ní mo wá ra búlọ́ọ̀kù ni. Yàrá kan ni mo háyà.

A bá a níbi tó ti ń fi rọ́bà bomi rin búlọ́ọ̀kù tuntun. Ó dọ̀bálẹ̀ fún màmá lórí yanrìn. Màmá ṣàlàyé ohun tó bá wá. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán, ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ó tún gbìyànjú. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé akólòlò ni. Ọdún méjì ni mo ti ń gbé ọ́dà pépà lé e lọ́wọ́, n kò mọ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde, ó ní, “Mà, mo dìde lẹ́ẹ̀kan, lóṣù àkọ́kọ́. Mo ní ‘Olórí.’ Kí n tó dé ‘ilé,’ wọ́n ti dá àbá pé kí á túká.”

Kò rẹ́rìn-ín. Màmá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀.

“Wọ́n kọ ọ́ síbí pé tí Olórí ilé bá ti pe ẹnì kan, tó sì ti ń sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀ àfi tó bá rú òfin. Mo wá ibi tí wọ́n ti sọ iye ìṣẹ́jú tí èèyàn lè fi sọ gbólóhùn kan. Mo wá a títí. Kò sí níbẹ̀.”

Ọkùnrin náà ń bomi rin búlọ́ọ̀kù lọ. Ó pẹ́ kó tó bèèrè pé, “Gọ́tà wo ni, mà?”

Màmá júwe rẹ̀ fún un.

Ó ní, “Mo mọ̀ ọ́n. Mo ta búlọ́ọ̀kù fún iléèwé yẹn. Ọkọ̀ ò lè wọlé, orí la fi rù ú kọjá lórí pákó.” Ó pa omi. “Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi.”

Màmá kọ gbólóhùn náà fún un, pẹ̀lú lẹ́tà gbàgbàgbà bí ti ojú pátákó. Ó ní kó kà á. Ó kà á, ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Màmá ní kó tún un kà, kó má yára, kó má sì fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò èyí tó bá há. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló kà á. Kò yá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Màmá ní ó dára bẹ́ẹ̀.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Etí aṣọ màmá ti tutù nígbà tó dé. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n ka àkọsílẹ̀. Líídà ti ń sún àga sẹ́yìn láti dìde, ṣùgbọ́n kánsẹ́lọ̀ ẹ̀bá fèrèsé ti wà lórí ìdúró. Olórí ilé wò ó bí ẹni pé ògiri ló dìde.

“Ọnọ́rébù… ẹ fẹ́ jáde ni?”

Ọkùnrin náà mi orí.

“Ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀?”

Ó gbé orí sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Olórí ilé pè é. Ó bẹ̀rẹ̀.

Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu Líídà tó ìgbà ogún, n kò ronú nípa rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ yẹn ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. “Olórí ilé” jáde. “Mo dá àbá” há, ó dúró, ó mí, ó jáde. Jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé nìkan là ń gbọ́. Kánsẹ́lọ̀ kan wo aago, òmíràn wo ilẹ̀. Ó dé ibi “kí á mú nọ́ńbà,” Líídà sì fò dìde.

“Pọ́íǹtì ọ́fú ọ́dà, Olórí ilé!”

“Òfin wo ni Ọnọ́rébù rú?”

Líídà ṣí ìwé ìlànà. Ó ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. Ní ìkẹyìn ó ní, “Ó ń pẹ́.”

Olórí ilé yíjú sí Ọ̀gá. Ọ̀gá mi dìde, ó ní òun kò rí i kà pé pípẹ́ lòdì sí òfin, ó jókòó.

Olórí ilé ní, “Ẹ jókòó, Líídà. Mo fẹ́ gbọ́ ibi tó máa parí sí.”

“…kẹjọ wá sí nọ́ńbà kẹta,” ni ọkùnrin náà wí. Òógùn bò ó lójú. Kò jókòó títí ìyá kánsẹ́lọ̀ fi na ọwọ́, tó ní òun kín àbá náà lẹ́yìn. Ìyá náà kò wo ọ̀dọ̀ Líídà.

Olórí ilé pe ìbò. Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ohùn wọn sì dọ́gba. Ó ní kí wọ́n na ọwọ́. Ẹni mẹ́ta na ọwọ́ fún un, ẹni mẹ́ta na ọwọ́ lòdì sí i. Ó wá ku tirẹ̀. N kò tíì rí i kí ó nílò láti pinnu ohunkóhun rí, kò sì jọ pé ó gbádùn rẹ̀. Ó gbé ọ́dà pépà súnmọ́ ojú.

“Akọ̀wé, kí ló wà ní nọ́ńbà kẹta báyìí?”

Ọ̀gá ní, “Ìjábọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìmọ́tótó, sà. Ojú ewé mẹ́rìnlélógún.”

“Nọ́ńbà kẹjọ ńkọ́?”

“Ìlà mọ́kànlá, sà.”

“Ẹ gbé kẹjọ wá.” Ó lu òòlù.

Ọ̀gá ka ìwé ẹ̀bẹ̀ náà sókè. Bó ṣe kà á tán ni Líídà dìde. Ó ní ọjọ́ pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn òun, pé kò sí òru tí òun kì í ronú lórí gọ́tà yẹn, pé òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ òun tó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu òun. Ó ní kí ilé pàṣẹ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ kíákíá. Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ń tẹ gbogbo rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀, omi sì lé sí mi lójú débi pé mo kọ “gọ́tà” ní ìgbà méjì. Mo wo ọ̀dọ̀ màmá. Ó ti pa ìwé rẹ̀ dé, ó ń wo kánsẹ́lọ̀ ẹ̀bá fèrèsé bí olùkọ́ ṣe ń wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó lẹ́yìn tó ka ewì níwájú gbogbo iléèwé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjábọ̀ ìmọ́tótó, màmá sì jókòó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Àṣẹ ilé yàtọ̀ sí kànkéré. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni iṣẹ́ náà gbà, inú òjò ni wọ́n sì ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ ra búlọ́ọ̀kù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ kánsẹ́lọ̀ tó dá àbá. Ó kọ̀ fún wọn, ó ní òun ló sọ̀rọ̀ lé e lórí, kò yẹ kí òun tún tà á. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yẹn, àwọn òbí méjì méjì ń dúró síbi pákó láàárọ̀ láti di ọwọ́ àwọn ọmọ mú. Ẹnikẹ́ni kò ṣubú.

Èmi ni mo tẹ ètò ọjọ́ ṣíṣí afárá náà. Nọ́ńbà kìíní àdúrà, nọ́ńbà kejì ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ láti ẹnu Líídà. Wọ́n fi màmá sí nọ́ńbà kẹsàn-án, ọ̀rọ̀ ìṣírí láti ẹnu àgbà. Gígé ríbọ́nù ni nọ́ńbà kẹwàá. Wọ́n na tẹ́ńtì sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, wọ́n so ríbọ́nù pupa mọ́ ẹnu afárá. Alága kò tètè dé, Líídà sì ní kí wọ́n fi kún àkókò tòun, kí òun lè sọ̀rọ̀ títí alága á fi dé. Ó sọ̀rọ̀. Àwa tó wà lábẹ́ tẹ́ńtì ń fi ìwé ètò fẹ́ ara wa.

Ó ń ṣàlàyé bí òun ṣe dúró gbọin-gbọin lórí ọ̀rọ̀ náà nígbà tí agogo ìparí iléèwé lù. Kò sí ẹni tó rántí pé agogo máa lù. Àwọn ọmọ tú jáde láti géètì bí omi. Wọ́n kéré, ríbọ́nù sì ga, torí náà wọn kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n ń sáré, wọ́n ń ti ara wọn. Kò sí ẹni tó di okùn báàgì ẹnikẹ́ni mú. Ẹnì kan lára wọn dúró láàárín afárá, ó fò sókè lẹ́ẹ̀mẹta láti mọ̀ bóyá ó máa mì, kò mì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí alága fi máa dé, gbogbo wọn ti lọ sílé. Wọ́n gé ríbọ́nù. Wọn kò pe nọ́ńbà kẹsàn-án.

Mo lọ bá màmá níbi tó jókòó sí, mo ní, “Mà, ẹ má bínú, wọn ò pè yín.”

“Kí ni mo fẹ́ sọ? Àwọn ọmọ ti kọjá.”

Ó di ọwọ́ mi mú, a sì jọ rìn lọ sórí afárá. Ó fi bàtà dúdú yẹn tẹ ọ̀tún, ó tẹ òsì. Ó dúró. Ó ní ẹ̀gbẹ́ kan rẹlẹ̀ ju èkejì lọ díẹ̀, pé omi á máa dúró síbẹ̀, pé èérí omi á sì mú kó máa yọ̀. Mo wò ó, òótọ́ ni. Ó ní tí òun bá kọ ọ́ wá, ọjọ́ wo ló máa dé etí wọn?

Mo sọ fún un pé ilé ti wọ ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ó ní kò burú, òun náà fẹ́ lọ wo àbúrò òun ní Ògbómọ̀ṣọ́.